Ìkòkò Ìyàwó àti Ooru Tó Ń Bá Àlejò Lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ìyàwó ọmọ mi ń se ìrẹsì lórí gáàsì. Bí ó ti ń se é, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣí i wò. Ìdérí á lọ gbáńgan, á bọ̀ gbàǹgàn. Á wò ó, á fẹ́ ẹ lẹ́nu, á dé e. Kò pẹ́, á tún ṣí i, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìrẹsì náà ṣì wà nílé.

"Dé e!" Ariwo náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. "Ṣé wíwò ló ń mú un jinná ni?"

Ọmọ náà dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ọ̀rọ̀ gáàsì ni ẹ ń rò?"

Mo ní kì í ṣe gáàsì. Mo ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìkòkò kan tí ó kù díẹ̀ kí á má lè dà nítorí ìdérí. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo kìlọ̀ fún un pé ìtàn náà gùn ju ìrẹsì lọ, ó ní kò burú. Ìrẹsì sì jóná. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ohunkóhun lórí iná ni mo wá ń sọ ọ́ fún báyìí, ẹ fara balẹ̀.

Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Adja-Ouèrè, ilé ìkòkò ni. Alùmíníọ́mù ni bàbá mi ń yọ́. Dídà ni a ń da ìkòkò tiwa. A kì í mọ ọ́n bí ìkòkò amọ̀, a kì í sì í lù ú bí ọkọ́. Bí o bá wọ ọgbà wa láàárọ̀, òkìtì àlòkù irin funfun ni yóò kọ́kọ́ kí ọ: orí ẹ́ńjìnnì kàmíyọ́n akẹ́rù tó kú sójú ọ̀nà Pobè, rìímù alùpùpù, kẹ́tùlù àlùwàlá tí ìdí rẹ̀ ti lu, abọ́ tí àwọn ọmọ kan ti fi eyín jẹ létí. Bàbá mi á máa fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, á gbé etí sí i, á ní, "Èyí dára," á ní, "Èyí, òpùrọ́ ni." Èyí tó bá jẹ́ òpùrọ́, á sọ ọ́ sẹ́yìn ògiri, níbi tí adìyẹ ti ń yé ẹyin sí i nínú.

Abẹ́ àtíbàbà páànù ni ihò iná wà. Ìkòkò irin dúdú kan jókòó láàárín èédú nínú ihò náà, inú rẹ̀ ni alùmíníọ́mù ti ń yọ́, ìdérí irin sì wà lórí rẹ̀. Atẹ́gùn iná náà ń wá láti inú ẹ̀rọ kan tí Bùràímọ̀, àbúrò bàbá mi, fi rìímù kẹ̀kẹ́ ṣe. Bí ó bá ti ń fi ọwọ́ kan yí rìímù, bẹ́líìtì rọ́bà á máa yí abẹ̀bẹ̀ páànù tó wà nínú àpótí, atẹ́gùn á sì gba inú ọ̀pá lọ sábẹ́ èédú. Bùràímọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní rìímù náà ti ń sọ ọ́ fún òun.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Ní àdúgbò wa nígbà náà, ẹni tó bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá láì kí ọ. Ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá láì fi ohun tí ò ń ṣe hàn án. Bó bá kí ahunṣọ, ahunṣọ á na aṣọ fún un wò. Bó bá kí àgbẹ̀, àgbẹ̀ á gbé ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà sókè. Bó bá wá kí bàbá mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," bàbá mi á mú irin oníkọ̀ọ́, á fi gbé ìdérí kúrò lórí ìkòkò irin, á ní, "Ẹ wò ó." Àlejò á yọjú, á ní, "Háà! Iṣẹ́ Ọlọ́run!" á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí o kò bá ṣí i fún un, ohun tí o sọ ni pé ojú rẹ̀ burú, pé ò ń bẹ̀rù kó má ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní bá ọ jà o. Kò kàn ní wá sí ìsìnkú rẹ ni.

Bàbá mi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́n níbi ìsìnkú òun. Gbogbo ẹni tó ń lọ sí ọjà ló ń ṣí ìdérí fún. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà ló tún ń ṣí i fún. Bí ìdérí bá sì ti ṣí, ooru á bẹ́ jáde bí ewúrẹ́ tí wọ́n gbàgbé láti so, Bùràímọ̀ á tún fún rìímù mọ́wọ́, a ó sì tún da èédú sí i.

Ẹni tó fẹ́ràn àṣà yìí jù ni Bàbá Aránṣọ, tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, okùn ìwọ̀n kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní nígbà tó bá ń sùn lábẹ́ igi. Á wá kí wa láàárọ̀, á wò ó. Á tún wá bu ẹ̀yinná fún áyọ́nù rẹ̀, á tún wò ó. Kò pẹ́, á wá sọ fún wa pé ẹ̀yinná tí òun bù ti kú, á sì tún wò ó. Kò mọ nǹkan kan nípa alùmíníọ́mù, ṣùgbọ́n kì í wò ó kó má dájọ́. "Ó kù díẹ̀," á mi orí bí adájọ́, "ó kù díẹ̀." Kì í pa irọ́. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ń ṣí i fún un, ó máa ń kù díẹ̀ ni.

Bàsírà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ ládàánì ìlú Tatonnonkon ní ọdún náà. Ládàánì ni ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí, ohùn ọkùnrin yìí sì ń dé oko kí ẹyẹ tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ Bàsírà, inú bàbá mi dùn, ó jẹ ẹran, ó mu omi tútù, ó bá dìde láàárín èèyàn. Àṣà ilé wa ni pé ọmọbìnrin ilé ìkòkò kì í lọ sílé ọkọ láì gbé ìkòkò tí bàbá rẹ̀ dà. Ìyẹn nìkan ì bá tó. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní:

"Ẹ̀yin àna wa, ìkòkò tí ọmọ mi máa gbé wá, òdidi ewúrẹ́ máa wọ inú ẹ̀ láì ká ẹsẹ̀!"

Wọ́n hó yèè. Ìyá mi, tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò hó. Ó ń wo ẹnu bàbá mi bí a ti ń wo ọmọ tó gun ẹ̀ka tí kò lágbára.

Láti ọjọ́ náà ni ewúrẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Bàbá mi ní kò yẹ kí òun fojú da ìwọ̀n rẹ̀, ó bá pe Bàbá Aránṣọ kó wá fi okùn ìwọ̀n wọn ewúrẹ́ wa. Bàbá Aránṣọ wọ̀n ọ́n láyà, ó wọ̀n ọ́n ní ìbàdí, ó wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ilẹ̀, ó wá yíjú sí bàbá mi. Ó ní, "Ṣé ẹ máa fẹ́ kí n fi àpò sí i?"

Àṣé ẹ̀rín kò tíì kàn wá. Òjò dé. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí mọ̀ pé bí omi bá ti rin ín, ó máa ń di ẹsẹ̀ mú bí ìyá àgbà tí kò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ padà sílé. Bàtà á wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò jáde. Massè ni èédú wa ti ń wá, lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀nà Massè sì ti di ọbẹ̀. Obìnrin tó ń ta èédú fún wa ránṣẹ́ pé kí a ní sùúrù títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Ìgbéyàwó kò ní sùúrù. Ọjọ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ wá mú ìyàwó, àpò èédú tó sì kù ní ilé wa kò ju méjì lọ.

Bàbá mi ní méjì tó. Ó sì lè tó, bí kì í bá ṣe èèyàn. Ìròyìn ti dé gbogbo ìlú pé ilé ìkòkò fẹ́ da ìkòkò tí ewúrẹ́ yóò wọ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dà á, àwọn tó ń wá kí wa tò bí ẹni fẹ́ gba àbẹ́rẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ìdérí ṣí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó!" Ìdérí ṣí. Àwọn obìnrin gbé ọmọ ọwọ́ wá, wọ́n ní kí ọmọ náà wò ó. Wọ́n gbé arúgbó kan wá láti Oko-Akarè, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Bàbá mi ṣí i fún òun náà. Arúgbó náà ní, "Mo gbọ́ ooru ẹ̀." Òótọ́ ló sọ, gbogbo wa ló gbọ́ ọ, ìkòkò irin nìkan ni kò gbọ́ ọ.

Nígbà tí bàbá mi àti Bùràímọ̀ fi ẹ̀mú gbé e láti dà á sínú iyanrìn tí wọ́n ti fi ṣe àpẹẹrẹ ìkòkò, kò ṣàn bí omi. Ó ń fà bí ẹ̀kọ àná. Nígbà tó tutù, tí wọ́n fọ́ iyanrìn kúrò, ìkòkò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ga, ó fẹ̀, ó ń dán. Ṣùgbọ́n ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó tóbi tó fèrèsé mọ́sálásí.

Bàbá Aránṣọ ló yọ orí láti inú ihò náà sí òdì kejì, ó ní:

"Kò burú ná. Ìyàwó á lè máa wo ọbẹ̀ láì ṣí i."

Bàsírà bú sẹ́kún, ó sá wọlé. Bàbá mi jókòó sórí òkìtì àlòkù. Ó bínú sí èédú, ó bínú sí iyanrìn, ó bínú sí Bùràímọ̀ pé kò yí rìímù dáadáa. Bùràímọ̀ na apá rẹ̀ jáde fún un wò. Apá náà ń gbọ̀n bí ìrù ajá.

Ìyá mi ni ó wá jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Àdín ni ìyá mi ń se, láti inú ekùrọ́. Ẹni tó ń se àdín kò lè fi iná ṣeré: bí ó bá kéré, òróró kò jáde, bí ó bá pọ̀, ó jóná. Ààrò rẹ̀ ní ògiri amọ̀ tó nípọn, ó ga yí ìkòkò ká dé ọrùn. Igi díẹ̀ ni ó fi ń se púpọ̀. Bàbá mi sì ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò náà láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Bàsírà," ó ní, "kì í ṣe apá Bùràímọ̀. Ooru yín ń bá àlejò lọ sílé ni."

"Kí ni kí n wá ṣe? Kí n lé wọn? Kí n máa sọ fún ará ilẹ̀ yìí pé ojú wọn burú? Lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó ọmọ mi?"

"Mi ò ní kí ẹ lé ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú àwọn àlejò, kí n sì fọwọ́ kan ihò iná yẹn díẹ̀."

"Iná ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ nìyí o, Ìyá Bàsírà."

"Iná kò mọ ohun tí wọ́n gbé lé òun."

Bàbá mi wo ìkòkò tó ní fèrèsé. Ó wo àpò èédú kan tó ṣẹ́ kù. Ó ní, "Ṣe bí o ti mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, òkìtì ikán tó wà lẹ́yìn ilé di àwátì. Ìyá mi po amọ̀ rẹ̀ mọ́ èèrí ọkà àti eérú, ó fi mọ ògiri tó nípọn yí ihò iná ká gẹ́gẹ́ bí ti ààrò àdín, ó sì fi amọ̀ bo ẹ̀yìn ìdérí títí ìdérí náà fi wúwo bí orí màlúù. Ó gbé èèpo ekùrọ́ tó ti kó jọ láti ọdún méjì wá, gbígbẹ, dúdú, tó ń jó bí ẹni ń bínú, ó ní kí wọ́n máa dà á mọ́ èédú. Ó pe àwa ọmọdé, ó ní kí a to àlòkù irin sórí etí ògiri amọ̀ náà kó máa gbóná níbẹ̀. "Ẹ má gbé nǹkan tútù fún iná mọ́," ó ní. "A kì í gbé ọmọ tútù lé ìyá rẹ̀ láyà." Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ṣí ojú kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, níbi tí èéfín gbígbóná yóò máa gbà jáde, ó sì gbé ìkòkò ògì ńlá kan lé e.

Bàbá mi ní, "Ta ló fẹ́ mu ògì?"

Ìyá mi ní, "Gbogbo Adja-Ouèrè."

Ọgbọ́n rẹ̀ nìyí. Àṣà ní kí a ṣí ìdérí fún ẹni tó bá kí wa lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àṣà tó dàgbà ju ìyẹn lọ ní kí a fún àlejò ní nǹkan kó tó sọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí amọ̀ gbẹ, tí wọ́n tún dá iná, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń la ẹnu láti kí wa, igbá ògì gbígbóná ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tu ọ̀fun." Bẹ́ǹṣì sì wà lọ́hùn-ún, jìnnà sí ihò iná. Ẹni tó mú igbá lọ́wọ́ kò lè dúró mu ún. Ẹni tó jókòó kò lè yọjú. Ẹni tí ògì gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Bí wọ́n bá mu ún tán, ikùn wọn á ti yó, wọ́n á ṣàdúrà fún ìyá mi, wọ́n á lọ. Inú kò bí ẹnì kan.

Bàbá Aránṣọ nìkan ló gbéjà kò ó. Ó mu igbá rẹ̀ tán kíákíá, ó nu ẹnu, ó dìde, ó ní, "Mo ti mu tán o. Ẹ kú..." Ìyá mi ti bu òmíràn. Ó mu ìyẹn náà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí gbígbóná. "Mo tún ti..." Ó tún ti kún. Àwa ọmọdé dúró, a ń wò ó bí ẹni ń wo ìjàkadì. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú títí okùn ìwọ̀n tó gbé kọ́rùn fi ń jókòó lé e lórí.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló tún ṣòro. Bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kí i, ọwọ́ rẹ̀ á máa rìn lọ síbi irin oníkọ̀ọ́. Ìyá mi á ní láti ẹnu ọ̀nà, "Bàbá Bàsírà, ta ló kí yín?" Ọwọ́ náà á padà.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ọ̀sán. Iná ń hó lábẹ́ ìdérí, ahọ́n iná kékeré ń yọ létí rẹ̀. Èédú ti dé ìdí àpò, èèpo ekùrọ́ kù díẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, ooru dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Bàbá mi ní bí a kò bá ṣí i títí ahọ́n iná náà yóò fi pọ́n bí èso ọ̀pẹ tó gbó, yóò yọ́ bí omi òjò. Bí a bá ṣí i, ó parí. Kò sí èédú mìíràn.

Ìgbà náà gan-an ni ládàánì Tatonnonkon, bàbá ọkọ, dé. Ó gba inú ẹrẹ̀ wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú dé orúnkún, ó fi bàtà rẹ̀ sí abíyá. Ìyá mi sáré gbé ògì. Ládàánì fi ọwọ́ kan àyà, ó ní, "Mo gba ààwẹ̀ lónìí, Ìyá Ìyàwó." Ó kọjá lára igbá, ó kọjá lára bẹ́ǹṣì, ó wá dúró létí ihò iná. Ohùn mọ́sálásí ló fi kí wa:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àna wa! Mo ní kí n wá fojú kan ìkòkò wa."

Rìímù Bùràímọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. A lè yẹra fún ìlú; ta ló lè kọ̀ láti ṣí ìdérí fún àna? Bí o bá sọ fún àna rẹ pé ojú rẹ̀ burú, ọmọ rẹ ni o ń sọ ọ́ sí lára, ní ilé tí kò tíì dé. Bàbá mi wo ìyá mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ìyá mi kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju igbá ògì lọ. Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó mú irin oníkọ̀ọ́.

Ni Bàsírà bá jáde láti inú ilé. Ojú rẹ̀ ṣì wú. Kò wo ẹnikẹ́ni, ó rìn tààrà, ó sì kúnlẹ̀ sáàárín bàbá ọkọ rẹ̀ àti ihò iná, nínú ooru náà, ó doríkodò.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàdúrà fún mi."

Ta ni yóò rí ìyàwó lórí ìkúnlẹ̀ tí yóò ní òun fẹ́ wo alùmíníọ́mù? Ojú ládàánì tàn. Ó sọ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè. Gbogbo wa sì mọ̀ pé bí àdúrà bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí Mùsùlùmí tí yóò di nǹkan kan mú. Àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ ṣófo kí ìbùkún lè rí ibi bà lé. Bàbá mi sọ irin oníkọ̀ọ́ sílẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ìyá mi gbé igbá sílẹ̀, ó ṣí i. Bùràímọ̀ ṣí ọwọ́ òsì sí Ọlọ́run, ó ń fi ọ̀tún yí rìímù.

"Ọlọ́run Ọba á jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ tù wá lára!"

"Àmín!"

"O ò ní fi ọwọ́ òsì gba ọmọ!"

"Àmín!"

Ó gbàdúrà títí, ó mí, ó fẹ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Bàsírà ní, "Bàbá, ẹ bá mi gbàdúrà fún ọkọ mi." Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ parí. "Bàbá, àti fún àwọn ìyá ọkọ mi." Ó gba ti àwọn yẹn. Bàsírà rántí àwọn àbúrò ọkọ, ó rántí àwọn òkú ilé ọkọ, ó rántí ọ̀nà Tatonnonkon pé kí ẹrẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí èèyàn tán, ó ní:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbàdúrà fún ikùn Bàbá Aránṣọ."

Bàbá Aránṣọ, tó ti di ikùn mú lórí bẹ́ǹṣì láti ìgbà díẹ̀, ṣe àmín kan tó ju ti gbogbo wa lọ, ó dìde, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ kíákíá. Bó ṣe ṣàì rí i nígbà tí wọ́n da ìkòkò nìyẹn, ó sì dùn ún títí ó fi kú.

Mo wo ihò iná. Ahọ́n iná ti pọ́n bí èso ọ̀pẹ. Bàbá mi náà ti rí i. Ṣùgbọ́n ládàánì ti gbóná, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ẹni tí yóò gbàdúrà fún: ó ti kúrò ní ilé wa, ó ti kúrò ní Adja-Ouèrè, ó ti ń gbàdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò orí òkun. Ìdí àpò èédú ti gbẹ. Bí ó bá pẹ́ sí i, iná yóò rẹlẹ̀. A kì í já àdúrà lẹ́nu àgbà. Òógùn ń ṣàn lójú bàbá mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí, kò lè ṣe nǹkan kan.

Ìyá mi ni ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sójú, ó fi pa á wálẹ̀ bí a ti ń ṣe bí àdúrà bá parí, ó sì pariwo pé, "Àààmín!" Àwa ọmọdé fi ọwọ́ pa ojú. Bùràímọ̀ pa ojú. Bàsírà pa ojú. Ládàánì rí i pé gbogbo ènìyàn ti fi ọwọ́ pa ojú, bí ẹni tí àdúrà rẹ̀ ti gbà. Kí ni yóò tún ṣe? Òun náà pa ojú.

Bàbá mi àti Bùràímọ̀ ti dé ibi ẹ̀mú. Nígbà tí ìdérí ṣí, ládàánì ní "Sùbùhánálláhì!" ó sì ta kété. Funfun bí òṣùpá ni, ó ń mì, ojú wa wà nínú rẹ̀. Wọ́n dà á. Ó ṣàn wọ inú iyanrìn bí omi tó mọ ilé rẹ̀, a kàn gbọ́ tí ó ń sọ ṣẹ́ẹ́ẹ́ lábẹ́ ilẹ̀.

Ládàánì kò lọ. Ó dúró títí ìkòkò fi tutù, tí wọ́n fọ́ iyanrìn. Bàbá mi fi ìka kan ìkòkò náà. Ó dún góóó, bí ẹni tó ní ohun tó fẹ́ sọ tó sì sọ ọ́ tán. Kò sí ihò. Bàsírà fi ọwọ́ yí i ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó tún fi yí i ká. Wọ́n fa ewúrẹ́ wá, wọ́n gbé e wọ inú rẹ̀. Ó dúró láì ká ẹsẹ̀. Ó wo àna wa lójú, ó sì yàgbẹ́ sínú ìkòkò náà, gbẹrugbẹru, níwájú gbogbo ènìyàn. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó wọ inú ìkòkò ìyàwó. Ládàánì ní àmì ọ̀pọ̀ ọmọ ni. Bàsírà bí ọmọ púpọ̀, nítorí náà èmi kò lè jiyàn.

Nígbà tí wọ́n wá mú ìyàwó ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkòkò rẹ̀ lọ. Ládàánì sì sọ fún gbogbo Tatonnonkon pé àdúrà òun ni wọ́n fi da ìkòkò náà, kì í ṣe èédú. Bàbá mi sọ fún gbogbo Adja-Ouèrè pé ọwọ́ òun ni. Bùràímọ̀ kàn ń fi apá rẹ̀ han ènìyàn. Ìyá mi wo ìdí ihò iná, ó rí i pé ẹ̀kúnwọ́ èédú bíi mélòó kan ṣẹ́ kù, ó sì fi wọ́n yan ẹja.

Láti ìgbà náà ni a kò ti fi èédú tó pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ da ìkòkò mọ́. Ògiri amọ̀ dúró, ìdérí wúwo, ògì sì di òfin. Bàbá mi ń ráhùn pé gbogbo ohun tí àwọn pa mọ́ lára èédú ni ìlú ti mu ní ògì, nítorí àlejò pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ pé à ń da ìkòkò níbẹ̀.

Lónìí, ọmọ Bùràímọ̀ ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Bíríkì tí iná kì í jẹ ló fi kọ́ ihò iná tirẹ̀, kúràn, iná mànàmáná, ló ń fẹ́ ẹ, nǹkan kan sì wà lára ògiri tó ń fi nọ́ńbà sọ bó ti gbóná tó fún un. Èédú tó ń lò kò tó ìdajì ti bàbá mi. Ó ta okùn yí ibẹ̀ ká, ó fi Faransé kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹnì kan kò bínú sí i. Ẹnì kan kò sì wá. Mo yìn ín, mo sì tún sọ fún un pé bẹ́ǹṣì kan kò ní ba nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́. Ó ní òun á rò ó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dára kí ènìyàn mọ bí a ti í pa ooru mọ́. Igi Massè kò pọ̀ mọ́ bí ó ti pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn jù láti fi pa á mọ́ ni pé kí a lé gbogbo ènìyàn dànù. Ooru méjì ni ilé ìkòkò wa ní: ọ̀kan wà lábẹ́ ìdérí, èkejì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá mi kò jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn tutù.